Bísíkíìtì Mẹ́rin Tí Ìyá Mi Kò Jẹ

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Òkòtà, bí ẹ bá sì bi àwọn tó ti kọjá lábẹ́ mi léèrè, wọ́n á sọ fún yín pé mi ò gba gbẹ̀rẹ́. Bí ìdáhùn kò bá tọ̀nà, ẹnì kan ló ṣe àṣìṣe níbì kan. Mo máa ń ní kí ọmọ náà padà sẹ́yìn, kó máa wo iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí ibi tó ti ṣìnà. Èmi rò pé bí gbogbo ayé ṣe rí nìyẹn. Ó dùn mí gidigidi pé mo gbé ìwà yìí wọ yàrá ìyá mi.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú ni ìyá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Mafoluku. Láti Abẹ́òkúta ló ti wá, níbi tó ti fi ọgbọ̀n ọdún rán aṣọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dání, ẹ̀rọ dúdú àtijọ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé dáadáa. Ó tún gbé àìsàn ṣúgà rẹ̀ dání. Oògùn oníhóró ló ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ọdún tó dé ọ̀dọ̀ wa ni dókítà sọ pé oògùn ẹnu kò ká a mọ́, pé abẹ́rẹ́ ínsúlínì ló kù, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìyá mi ní òun ò lè gún ara òun lábẹ́rẹ́. Ẹ gbọ́ o, obìnrin tí abẹ́rẹ́ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà ọmọge! Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Aṣọ ni mò ń gún, Tíṣà, kì í ṣe ikùn ara mi." Tíṣà ló máa ń pè mí bó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan fara balẹ̀ kọ́ mi. Oògùn náà funfun bí omi ògì, ó wà nínú ìgò kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó ní kí n máa yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kó lè pò pọ̀, kí n fi abẹ́rẹ́ fà á dé iye ìlà tí dókítà kọ, kí n fi ìka méjì gbá awọ ikùn ìyá mi mú, kí n sì gún un síbẹ̀. Ìlà méjìdínlógún láàárọ̀, ìlà mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Kí n tó gún un, n ó kọ́kọ́ ta ìka rẹ̀, n ó fi ẹ̀jẹ̀ kán sí ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ṣúgà, n ó sì kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé alábala ọgọ́ta kan tí mo mú wá láti ilé-ìwé. Mo fi rúlà fa ìlà sí i. Nọ́ńbà tó bá dára, láàárín ọgọ́rin sí ọgọ́sàn-án, mo máa ń fi báírò pupa ṣe àmì "ó gbà" sí i. Èyí tí kò dára, mo máa ń yí òdo pupa ká a. Ìyá mi a máa yọjú wo ìwé náà láti ẹ̀yìn èjìká mi, a ní, "Mélòó ni mo gbà lónìí?"

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìṣirò náà kì í bára mu. Oúnjẹ kan náà, ìlà kan náà, aago kan náà, síbẹ̀ bó ṣe rí lónìí kọ́ ni yóò ṣe rí lọ́la. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kú ní Abẹ́òkúta, kò fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣúgà rẹ̀ sì fò kọjá ọ̀ọ́dúnrún. Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀fìnkìn mú un, a ò mọ èyí tí à ń ṣe mọ́. Mo kó ìwé mi lọ bá dókítà, mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Ó ní, "Ìrònú ń gbé e sókè, àìsàn ń gbé e sókè, ìrìn ń fà á wálẹ̀. Ara èèyàn ni, sà, kì í ṣe mọ́tò." Mo mi orí bíi pé mo gbà. Mi ò gbà.

Mo ti fojú ara mi rí ìgbà tó fà á wálẹ̀. Lọ́jọ́ kan, a jọ lọ sí Òṣòdì lọ ra òwú àti síìpù. A rìn púpọ̀ lọ́jọ́ náà nítorí pé ìyá mi kì í ra nǹkan ní ìsọ̀ àkọ́kọ́. Ká tó mọ̀, ó dúró, òógùn bò ó, ó di òpó ìsọ̀ kan mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú obìnrin tó ń ta síìpù. Ìyá mi tí kì í gbé ohùn sókè sí ọmọdé! Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n tú ìdí áńkáṣíìfù rẹ̀, ó sì mú ṣúgà oníhóró méjì sẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ló ní kó máa mú un kiri, pé bí abẹ́rẹ́ bá ti fa ṣúgà wálẹ̀ jù, hóró méjì yẹn ni kó kọ́kọ́ wá. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi là. Ó kúnlẹ̀ fún obìnrin tí kò tó ọmọ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà gbá a mú, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí n gbèpè o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì ra síìpù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni tiransifọ́mà àdúgbò wa bú gbàmù. Iná kò dé ọ̀dọ̀ wa fún oṣù mélòó kan, fíríìjì wa sì di ibi tí ìyàwó mi ń kó bàtà sí. Ọ̀rọ̀ oògùn ìyá mi wá di ìṣòro, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ooru ò gbọ́dọ̀ kàn án, ẹ sì mọ bí ilé onípáànù ṣe máa ń rí ní Mafoluku bí oòrùn bá ti dé àárín ọ̀run. Ilé kẹta sí tiwa ni ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín wà. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Ìdajì àdúgbò ló ń gbé nǹkan sọ́dọ̀ rẹ̀: abiyamọ kan ń gbé wàrà ọmú tó fún sínú ìgò síbẹ̀, àwọn mìíràn ń gbé ọbẹ̀. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà máa kí i dáadáa, kí ẹ sì kọ orúkọ sára ike yín.

Ó ní fíríìjì kékeré onígíláàsì kan tó ń kó míníràlì sí, ó sì ní fírísà ńlá tí ẹja wà nínú rẹ̀. Inú fíríìjì míníràlì ló fi oògùn ìyá mi sí. Lọ́jọ́ kejì tí mo lọ gbé e, mo rí i bí àwọn oníbàárà ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn náà tí wọ́n ń tì í, mo fọwọ́ kan ìgò oògùn, ó kàn tutù níwọ̀nba ni. Kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibi tó tutù jù lọ ni kí ẹ bá mi fi í sí."

"Nínú fírísà? Láàárín ẹja?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Ó wo ìgò náà. "Tíṣà, ṣé yìnyín ò ní bà á jẹ́ báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ohùn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ̀rọ̀ ni mo fi dá a lóhùn. "Mà, ooru ló ń ba nǹkan jẹ́. Òtútù kì í ba nǹkan jẹ́. Ṣé ẹja yín ń bàjẹ́ nínú ẹ̀ ni?" Ó ní ó dáa, èmi ni mo kàwé. Ó wá agolo mílíìkì kan tó mọ́, ó fi ìgò méjèèjì tí mo rà síbẹ̀ kí òórùn ẹja má bàa mú un, ó sì rì í mọ́lẹ̀ sínú yìnyín.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá lọ gbé e láàárọ̀, á ti le bí òkúta. N ó dì í mú lọ́wọ́ bọ̀ wálé, n ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá mi, n ó sì máa yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ mi títí yóò fi yọ́. Mo rò pé ohun tí ọmọ gidi ń ṣe nìyẹn. Bó bá yọ́ tán, mo máa ń rí kókó wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, bí ògì tí wọn ò rò dáadáa. N ó tún yí i sí i.

Ṣúgà ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Igba àti díẹ̀. Òjìlénígba. Ọ̀rìnlénígba. Òdo pupa gba ojú ìwé mi kan. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ìró tó ń ró lẹ́ẹ̀kan wá ń yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà fi ìlà kún oògùn, láti méjìdínlógún sí mẹ́rìnlélógún. Kò sí ìyàtọ̀. Ó sọ ọ́ di ọgbọ̀n. Nígbà tó sọ ọ́ di méjìdínlógójì, ó yẹ ìwé mi wò láti òkè délẹ̀, ó yìn mí pé mo ń kọ nǹkan sílẹ̀ dáadáa, ó wá ní, "Ṣé ó dá yín lójú pé màmá kì í jẹ nǹkan míì lẹ́yìn yín?"

Ìbéèrè lásán ni. Gbogbo dókítà ló ń béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń wá ibi tí àṣìṣe wà, ìdáhùn ni mo kà á sí. Kí n tó délé lọ́jọ́ náà, mo ti mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Mo tú yàrá rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo wo abẹ́ ìrọ̀rí, mo wo inú dúróà ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ṣí àpò Bíbélì rẹ̀. Mo pe ọmọ wa obìnrin tó wà ní pámárì kẹta, mo ní ṣé màmá àgbà kì í rán an níṣẹ́ bísíkíìtì. Ọmọ náà ní rárá, mo tún bi í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni ṣúgà oníhóró tó wà nínú áńkáṣíìfù. Mo gbà á.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Dáadì, nọ́ọ̀sì ló ní kí wọ́n máa mú un kiri o."

Mo ní, "Ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún, kí ló fẹ́ fi ṣúgà ṣe?" Bí mo ṣe máa ń borí àríyànjiyàn nìyẹn, mo máa ń rí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kò ní rí èsì rẹ̀ kíá.

Ní gbogbo oṣù méjì yẹn, ohun kan náà ni ìyá mi ń sọ. "Mi ò jẹ nǹkan kan." Ó kọ́kọ́ ń fi ẹ̀rín sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó fi ìbínú sọ ọ́, Ẹ̀gbá pọ́ńbélé sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ ọ́, kò sì ń wò mí lójú mọ́. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Ṣé mo ti parọ́ fún ẹ rí?" Mo ronú sí i. Kò parọ́ fún mi rí. Ìgbà tí mo wà ní kékeré tí mo bi í bóyá oògùn kan korò, ó ní ó korò. Síbẹ̀ mo dá a lóhùn pé, "Nọ́ńbà kì í parọ́, Màámi."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn gbogbo wa. Mo ta ìka rẹ̀, ó jẹ́ òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún àti méjì. Mo ju báírò sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú ìyàwó mi, níwájú ọmọ mi: kí lẹ jẹ, ìgbà wo lẹ jẹ ẹ́, ta ló fún yín, ṣé ní ṣọ́ọ̀ṣì ni? Mi ò pariwo. N kì í pariwo ní kíláàsì náà. Mo kàn ń bi í, mo sì ń bi í. Ó ti rẹ ìyá mi, ó jókòó sórí àga pẹ̀lú gèlè rẹ̀ tó ti ń tú. Ó gbójú sókè, ó wò mí.

Ó ní, "Ó dáa. Mo jẹ ẹ́."

"Kí lẹ jẹ?"

"Bísíkíìtì."

"Mélòó?"

Ó ronú díẹ̀. "Kọ mẹ́rin síbẹ̀."

Mo kọ mẹ́rin síbẹ̀. Báírò pupa ni mo fi kọ ọ́. Ìyàwó mi wọ yàrá lọ, mo gbọ́ tó ń sunkún. Èmi ńkọ́? N ó sọ òótọ́ níbí: inú mi dùn. Ara mi fúyẹ́. Ìṣirò mi ti bára mu. Mi ò tiẹ̀ bi ara mi léèrè ìdí tí ẹni tó jẹ nǹkan fi sọ pé kí n kọ mẹ́rin síbẹ̀, tí kò sọ pé òun jẹ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ kejì, mo ra àgádágodo, mo sì kàn án mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Búrẹ́dì, mílíìkì, bísíkíìtì ọmọ, páálí ṣúgà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, títí kan àwọn hóró tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, èkejì wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ìyá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń ká etí yunifọ́ọ̀mù ọmọ wa, ó sì ń wo bí mo ṣe ń kan ìṣó. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "O kàn án dáadáa." Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìgò kejì tán. Mo ra òmíràn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ẹni tó tà á fún mi fi í sínú ọ̀rá pẹ̀lú omi tútù. Ìyá ẹlẹ́ja ti palẹ̀ mọ́ nígbà tí mo dé àdúgbò, ni mo bá gbé oògùn náà lọ sílé. Láàárọ̀, ṣúgà ìyá mi jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó dín méjì. Mo ṣí ìgò tuntun, mo yí i láàárín ọwọ́. Mo ṣàkíyèsí pé kò ní kókó kankan, ó jọ̀lọ̀. Mo ní èyí dára o. Mo fa ìlà méjìdínlógójì, mo gún un. Ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú bíbọ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sórí tábìlì nínú fúláàsì, ó sì lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Èmi náà lọ.

Aago mọ́kànlá ti fẹ́ lù, mo wà nídìí pátákó, nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá ẹlẹ́ja ni. Ó ti ń retí mi láti àárọ̀ pé kí n gbé oògùn wá, nígbà tí kò rí mi, ó ní kí òun yọjú sílé bóyá kò sí nǹkan. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ ni, "Tíṣà, ẹ máa bọ̀. Màmá ti ṣubú. Wọn ò dá mi lóhùn."

Ìyá ẹlẹ́ja kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi nígbà tó ń sọ bó ṣe bá a. Ilẹ̀ ilé ìdáná ló bá a, níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ odó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti fi lu àgádágodo náà, igi kọ́bọ́ọ̀dù ti ya díẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣó tí mo kàn kò tú. Fúláàsì oúnjẹ wà lórí tábìlì, kò ṣí i. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá ti wálẹ̀ báyẹn kì í lè ronú dáadáa mọ́. Ibi tó mọ̀ pé ṣúgà wà ló lọ. Ìyá ẹlẹ́ja sáré lọ mú míníràlì nínú fíríìjì rẹ̀, ó ń fi ìka ra á mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń pè é, ó ń ké sí àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá gbé e.

Wọ́n ti fi omi ṣúgà sí i lára nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀rọ kà nígbà tí wọ́n gbé e dé. Dókítà ibẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin kan tí n bá ti kọ́ ní girama. Ó ní kí ni mo yí padà láàárọ̀ yẹn.

"Kò sí nǹkan tí mo yí padà. Iye tí wọ́n kọ fún wa ni mo fún wọn. Ìwé mi rèé."

Ó wo ìwé náà. "Ṣé inú ìgò kan náà ni?"

"Rárá, ìgò tuntun ni."

"Àwọn tó tán, ibo lẹ tọ́jú wọn sí, sà?"

"Ibi tó tutù jù lọ," mo dá a lóhùn, mo sì tún gbé àyà sókè bí mo ṣe ń sọ ọ́. "Inú fírísà ẹlẹ́ja."

Ó gbójú sókè. "Ó máa ń dì?"

"Bí òkúta."

Kò bá mi wí, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ fún mi pé ínsúlínì tó bá ti dì ti bàjẹ́ nìyẹn, pé bó bá tilẹ̀ yọ́, kò ní lágbára tó yẹ kó ní mọ́. Kì í ṣe pé ìyá mi ń jẹ nǹkan. Oògùn tí mo rò pé mò ń fún un lójoojúmọ́ kò sí nínú ohun tí mò ń gún sí i lára. Wọ́n ń fi ìlà kún òkú oògùn, ìlà tó ti pọ̀ yẹn ni mo sì wá fún un nínú èyí tó wà láàyè. Ó fẹ́ tún un ṣàlàyé. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti padà sẹ́yìn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì ti rí ibi tí àṣìṣe wà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́ja wá nírọ̀lẹ́. Ẹnì kan ti sọ fún un, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọ́n á sọ pé òun ló fẹ́ pa màmá. Ó ń sunkún, ó ní, "Tíṣà, mo bi yín. Mo ní ṣé yìnyín ò ní bà á jẹ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi mí. Mo ní ẹ̀yin kọ́, èmi ni.

Ọjọ́ kẹta ni ojú ìyá mi là dáadáa. Ọ̀rọ̀ ń falẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kò sì ní agbára bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo wa. Mo dúró kí ìyàwó mi jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù yẹn, láàárín àwọn aláìsàn mìíràn.

Ó ní, "Dìde. Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí."

Mi ò dìde. Mo ní, "Màámi, ẹ ò jẹ nǹkan kan. Oògùn ló bàjẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ ò jẹ nǹkan kan rárá."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Dókítà ni, mà."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó ló sọ ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

Ó yíjú sí ògiri. "Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́, o sì gbà á gbọ́."

Mi ò rí èsì, èmi tí mo máa ń rí èsì. Mo sunkún lórí ilẹ̀ yẹn bí ọmọdé, nọ́ọ̀sì kan sì wá gbé mi dìde.

Ìgbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó ní ilé àbúrò mi obìnrin ní Abẹ́òkúta lòun ń lọ. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gba òun lálejò. Ní ọ̀dọ̀ àbúrò mi, ṣúgà rẹ̀ ṣì ń lọ sókè, ó ṣì ń wálẹ̀. Àbúrò mi kì í fa ìlà sí ìwé. Bí nọ́ńbà bá rú wọn lójú, á ní, "Màámi, kí lẹ rò pé ó fà á?" Wọ́n á jọ jókòó wá ìdí rẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń rí i, nígbà mìíràn wọn kì í rí i, wọ́n á sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé méjì nínú oṣù. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń béèrè ọmọ, ó ń béèrè ìyàwó mi àti ìyá ẹlẹ́ja. Kò pè mí ní Tíṣà mọ́. Orúkọ mi gan-an ló ń pè.

Ó kú nígbà ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀lé e, nínú oorun ọ̀sán, lórí ibùsùn àbúrò mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà náà, mo jókòó tì í ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́ nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti ń pa mí láti oṣù mẹ́wàá. Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Ó gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ó wò mí dáadáa, mo sì mọ̀ pé ó rí bí ara mi ṣe rù, pé ó rí bí ó ti rẹ̀ mí tó. Ó ní, "Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́."

Láti ìgbà bísíkíìtì mẹ́rin ni mo ti mọ̀ pé ìyá mi lè sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé ìyẹn ni yóò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mi ò bi í lẹ́ẹ̀kejì.